Ìràwọ̀ Ńlá Kì í Pẹ́

Àdúrà kan wà tí ó ṣòro kí ọmọ Yorùbá tó dàgbà láìgbọ́ ọ: "Ìràwọ̀ rẹ á tàn." Wọ́n ń ṣe é níbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ń ṣe é fún ẹni tó ń lọ kọ ìdánwò, wọ́n sì ń ṣe é fún ẹni tó ń lọ sí òkè òkun. Kí aládùúrà tó panu dé, a ti ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìràwọ̀ tó bá tàn lóòótọ́, tó tàn débi pé ohun gbogbo tó yí i ká ń rí ìmọ́lẹ̀ gbà lára rẹ̀? Ohun tí a fẹ́ kọ̀wé lé lórí nìyẹn. Ibi tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí kò jìnnà púpọ̀, bí a bá fi ojú ọ̀run wọn ojú ọ̀run.

Milky Way ni orúkọ agbo ìràwọ̀ tí ayé wa wà nínú rẹ̀. Gálásì ni àwọn onímọ̀ ń pe irú agbo bẹ́ẹ̀. Àwọn gálásì kéékèèké wà láyìíká tiwa bí ilé àwọn ayálégbé ṣe máa ń yí ilé onílé ká, èyí tó sì tóbi jù nínú wọn ni Large Magellanic Cloud. Orúkọ Ferdinand Magellan ni wọ́n fi sọ ọ́, atukọ̀ ará Potogí tó gbéra láti Sípéènì lọ́dún 1519. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Àwọn tó ń gbé ní ìhà gúúsù ayé ti ń wò ó lálaalẹ́ kí wọ́n tó bí baba ńlá Magellan. Ó jìn sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 160,000. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, síbẹ̀ ó ń lo 160,000 ọdún lójú ọ̀nà kó tó dé ojú wa.

Ó ṣeé rí láti ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, bí ojú ọjọ́ bá gbà. Ní àárín oṣù kìíní ọdún, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́, ẹ dúró sí etíkun Àgbádárìgì, kí ẹ kọjú sí òkun. Ẹ na ọwọ́ yín tán, kí ẹ di ìkúùkù. Ìkúùkù kan àti ààbọ̀ lókè ibi tí ojú ọ̀run ti fẹnu ko omi, ibẹ̀ ló wà, bí èéfín díẹ̀ tó dúró sójú kan. Àmọ́ eruku ọyẹ́ àti iná ìlú kì í sábà jẹ́ kó hàn.

Inú gálásì yẹn ni nẹ́búlà kan wà, ìyẹn ìkùukùu gáàsì àti eruku tó tẹ́ láàárín àwọn ìràwọ̀. Wọ́n ń pè é ní Nẹ́búlà Aláǹtakùn, nítorí pé bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lọ́dún 1751, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Nicolas-Louis de Lacaille dé Cape Town, ní gúúsù Áfíríkà. Ìràwọ̀ ni iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀, ó sì ka nǹkan bíi 10,000 nínú wọn kó tó padà sílé. Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí wọ́n ti ń kà sí ìràwọ̀ kan lásán níbẹ̀, ìkùukùu tó ń tàn ni. Ìkùukùu náà fẹ̀ tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,000. Nẹ́búlà Orion, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó sún mọ́ wa, jìn sí wa tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,300. Ká ní ibẹ̀ ni Aláǹtakùn wà ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ì bá tó fún wa láti rí òjìji ara wa nílẹ̀ lóru.

Ọmọ ìyá ni àwa mẹ́rin tí a jọ ń kọ èyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, nígbà tí àwòrán Aláǹtakùn tí awò ńlá James Webb yà jáde, ọ̀kan nínú wa fi í sórí WhatsApp ẹbí. Mọ́mì ní àwọn rò pé iná igbó ni. Àǹtí wa, àkọ́bí ilé, fi ẹ̀rín sí i, wọ́n ní: "Ta ló ń sanwó iná yìí?"

Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè tó dára ju ìyẹn lọ tí èèyàn lè béèrè nípa nẹ́búlà.

Gáàsì inú nẹ́búlà kò ní iná tirẹ̀. Háídírójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, háídírójìn kì í sì í tàn fúnra rẹ̀. Ìràwọ̀ tó wà nítòsí ló ń tan ìtànṣán sí i, irú ìtànṣán tí ojú kì í rí, ìbátan èyí tó ń jó wa láwọ nínú oòrùn ọ̀sán, àmọ́ tó le jù ú lọ. Bí ìtànṣán yìí bá kọlu átọ́ọ̀mù háídírójìn, ó máa já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá pẹ́, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á padà wá. Bó ṣe ń bọ̀ ni á máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sì máa tú agbára díẹ̀ sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìṣísẹ̀ kan wà lórí àtẹ̀gùn yẹn tó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ pupa jáde. Pupa yẹn là ń rí nínú ọ̀pọ̀ àwòrán nẹ́búlà. Bí ọ́síjìn bá wà láàárín wọn, òun náà á dá àwọ̀ ewé tirẹ̀ sí i.

Nítorí náà, gbogbo ẹwà yẹn, owó tí ìràwọ̀ ti san ni gáàsì ń ná. Ọjọ́ tí ìràwọ̀ bá dákẹ́ tí kò sí òmíràn, ìkùukùu náà á padà sí òkùnkùn. Gbogbo ìràwọ̀ kọ́ sì ló lágbára à ń sanwó iná. Ojú oòrùn tiwa gbóná tó nǹkan bí 5,500 lórí ìwọ̀n Celsius, kò lè tan nẹ́búlà. Àwọn tó ń tan Aláǹtakùn gbóná ju 40,000 lọ.

Ní àárín gbùngbùn Aláǹtakùn ni ibì kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mú jù, R136 ni orúkọ rẹ̀. R yẹn dúró fún Radcliffe, orúkọ ibùdó ìwòràwọ̀ tó wà ní Pretoria nígbà náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló tẹ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ìràwọ̀ ńlá inú gálásì yìí jáde lọ́dún 1960. Nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ lórí ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú R136. Lójú awò ìgbà náà, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló jọ. Bí ìràwọ̀ kan bá sì wá ń tan irú ìmọ́lẹ̀ yìí, báwo ló ṣe máa wúwo tó? Lọ́dún 1981, àwọn onímọ̀ kan ṣírò rẹ̀, ó lé ní 2,000 oòrùn. Ìràwọ̀ tó wúwo tó 2,000 oòrùn! Àwọn mìíràn ní kò ṣeé ṣe, irú rẹ̀ kò lè dúró láìfọ́.

Ìdáhùn dé lọ́dún 1985. Afẹ́fẹ́ ayé wa ló ń mú kí ìràwọ̀ máa jó lójú wa, òun ló sì ń pa àwọn ìràwọ̀ tó fara kínra pọ̀ di ẹyọ kan nínú àwòrán. Àwọn ọmọ Jámánì méjì, Gerd Weigelt àti Gerhard Baier, lo ọgbọ́n kan: wọ́n ya àwòrán lọ́pọ̀ ìgbà ní kánmọ́kánmọ́, kí ìràwọ̀ tó ráyè jó, wọ́n sì fi ìṣirò pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń pè ní òmìrán kan ṣoṣo tú ká lójú wọn. Ó kéré tán, mẹ́jọ ni. Nígbà tí awò Hubble débẹ̀ lẹ́yìn náà, ó hàn gbangba pé agbo ni wọ́n, wọ́n fún mọ́ra bí èrò inú dánfó.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Láti òkèèrè, ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ jọ ti ẹyọ kan, àwọn èèyàn sì ti ṣírò ẹrù gbogbo wọn lé ẹyọ kan náà lórí.

Èyí kò sọ pé àwọn tó wà níbẹ̀ kéré. R136a1, tó ga jù nínú wọn, wúwo tó nǹkan bí 200 oòrùn, ó sì mọ́lẹ̀ ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ fi nọ́ńbà méjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Epo tó wà níkùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 200. Bó ṣe ń jó o jẹ́ ìlọ́po mílíọ̀nù. Gbogbo wa ni a mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour". Ẹ bu epo díẹ̀ sí i, á bá yín rìn di òru. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ilé ìfowópamọ́ ńkọ́? Táǹkì rẹ̀ tóbi bí yàrá, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọkọ̀ adíìsù ṣe ń wọlé wọ̀de níbẹ̀. Oòrùn wa máa lo nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá lápapọ̀ kí epo rẹ̀ tó tán. Àwọn òmìrán inú R136 kò ní ju mílíọ̀nù ọdún mélòó kan lọ. Lójú ọ̀run, àárọ̀ sí ọ̀sán nìyẹn.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ níbi ìsìnkú ọ̀dọ́ pé ẹni rere kì í pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ní ti ìràwọ̀, a mọ ohun tó ń gé ẹ̀mí wọn kúrú. Ìwúwo ni. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni àárín inú ìràwọ̀ ṣe ń há tó, bó bá ṣe há tó ló ṣe ń gbóná tó, bó bá sì ṣe gbóná tó ló ṣe ń jó epo tó.

Kí ó tó kú, á ti tún ilé tó bí i ṣe. Afẹ́fẹ́ kan ń fẹ́ jáde lára ìràwọ̀ ńlá, eré rẹ̀ ju 2,000 kìlómítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kó tó di pé ẹ pa ojú dé kí ẹ là á, á ti rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́pọ̀ ìgbà, láìsí go-slow. Afẹ́fẹ́ yìí àti ìtànṣán rẹ̀ ló jọ ń ti gáàsì àyíká dànù. Nínú àwòrán tí Mọ́mì pè ní iná igbó, ihò ńlá kan wà láàárín, àwọn ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tò sínú rẹ̀. Àwọn ló gbẹ́ ihò náà. Níbi tí gáàsì ti ki gan-an nìkan ni kò tíì yẹ̀ fún wọn. Irú ibẹ̀ dúró bí òpó, ó nà ṣóńṣó rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ tó ń gbẹ́ ẹ, inú àwọn òpó yẹn ni wọ́n sì ti ń bí àwọn ìràwọ̀ tuntun lọ́wọ́lọ́wọ́.

Aláǹtakùn nìkan kọ́. Nẹ́búlà kan wà nínú gálásì kan náà tó ń jẹ́ N44, ihò inú tirẹ̀ fẹ̀ tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 250. N yẹn wá láti inú àkọsílẹ̀ tí Karl Henize, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1956, lẹ́yìn tó ti ya àwòrán ojú ọ̀run láti Bloemfontein ní gúúsù Áfíríkà. Lọ́dún 1985, òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí òde ayé.

Nígbà mìíràn, ẹ̀yin ará, ìràwọ̀ náà máa ń japa. Àwọn onímọ̀ rí ọ̀kan lẹ́yìn odi Aláǹtakùn tó wúwo tó nǹkan bí 90 oòrùn, ó ti rìn jìnnà sí R136 tó ọdún ìmọ́lẹ̀ 375, ó ń sáré lọ ní ohun tó lé ní 400,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó jọ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi òòfà tì í jáde, nítorí pé ààyè kò gba gbogbo wọn. Bó ṣe ń lọ náà ló ń tàn.

A ti ń bọ̀ sí ilé wa báyìí. Oṣù kìíní ọdún 1987 ni wọ́n bí Àǹtí wa. Bàbá wa ṣaláìsí nígbà tí Àǹtí wà ní yunifásítì, àwa mẹ́rin sì kéré. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba owó oṣù àkọ́kọ́ ni ilé wa ti ní iná. Owó ilé ìwé wa, òrùlé ilé, oògùn Mọ́mì, owó ìdánwò, owó fíísà ẹni tó wà ní Manchester nínú wa báyìí, àkáǹtì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń ti wá. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé ilé yìí ń tàn. Ní ìparí ọdún 2023, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ Àǹtí, ó tún un wọ̀n, ó wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé èèyàn mélòó ló ń jẹun lórí yín. Ọmọ ọdún 36 ni wọ́n. Lọ́sẹ̀ kan náà, ìyá àdúgbò kan wá kí wọn, ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó ní: "Ìràwọ̀ yín á tàn ju báyìí lọ." Àǹtí wa kò ṣe àmín. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, mà," wọ́n sì dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló jẹ́ ká jókòó kọ gbogbo ẹrù ilé sórí ìwé kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe fún R136 lọ́dún 1985. Èwo ni ti ta? Oògùn Mọ́mì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó wà ní Manchester. Owó iná àti omi bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Àbíkẹ́yìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ní òun lè máa ra gáàsì ìdáná. Àǹtí mú ohun tó kù, kò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀.

Ibi tí èèyàn àti ìràwọ̀ ti yàtọ̀ nìyí. Ìràwọ̀ kò lè ní kí ẹnì kan bá òun mú díẹ̀ lára ìwúwo òun. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Aláǹtakùn tí wọ́n ń pè ní Sanduleak -69 202, ó tó nǹkan bí 20 oòrùn. Epo àárín inú rẹ̀ jó tán, àárín náà wó lu ara rẹ̀ ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyókù sì tú ká. Ìròyìn ikú rẹ̀ dé ayé ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1987. Èérún kékeré kan tó ń jẹ́ nutíríínò ló kọ́kọ́ dé. Nutíríínò máa ń la ilẹ̀ àti ara èèyàn kọjá láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Japan, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà mú nǹkan bí 20 àti díẹ̀ péré, ṣùgbọ́n òbítíbitì wọn ló la gbogbo ẹni tó wà láyé lọ́jọ́ náà kọjá. Wọ́n la ìyá kan ní Ìbàdàn kọjá, àti ọmọ jòjòló tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, Ian Shelton, tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè Las Campanas ní Chile, rí àmì tuntun nínú àwòrán tó yà. Ó jáde síta, ó gbójú sókè, ó sì fi ojú lásán rí i.

Ọ́síjìn tí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sè níkùn ló ń fọ́n ká nígbà tó bá kú. Irú rẹ̀ là ń mí sínú yìí. A kò lè sọ pé ikú rẹ̀ já sásán. Síbẹ̀, a kò ní tìtorí ọ́síjìn gbàdúrà pé kí ẹnì kan nínú ilé wa bú gbàmù.

Agbo ìràwọ̀ kan ṣì wà nínú Aláǹtakùn tó ń jẹ́ Hodge 301. Ó dàgbà ju R136 lọ dáadáa. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bí 40 nínú àwọn òmìrán rẹ̀ ló ti bú gbàmù. Iná Aláǹtakùn kò tìtorí ìyẹn kú, torí pé àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tó ń sanwó rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru Àǹtí ti wálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń lo oògùn. Tí ó bá di àárọ̀ Sátidé, wọ́n máa ń pa fóònù, wọ́n á sùn títí aago mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn.